Afẹ́fẹ́ ni ká bẹ̀rù, kì í ṣe òkè: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ létí òkun Ireland

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Dublin, ọdún 11 rèé tí mo ti wà níbí. Ọmọ ọdún 54 ni mí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́, kìlómítà 8 ní àlọ, 8 ní àbọ̀, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ sì ni gbogbo rẹ̀. Mo ti gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà lóṣù June, mo fẹ́ fi gun kẹ̀kẹ́ létí òkun. Ọ̀rẹ́ mi ní Ring of Kerry ni kí n lọ. Ọmọ mi ní Donegal ló dáa jù. Òkè ń bà mí lẹ́rù, èmi nìkan ni mo sì máa lọ. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò. Ibo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín, àmọ́ mi ò bá a gbà. Ring of Kerry rẹwà, ta ló máa ní kò rẹwà? Ṣùgbọ́n kìlómítà 179 ni téèyàn bá yí i po, ọ̀nà rẹ̀ há níbi púpọ̀, gbogbo bọ́ọ̀sì gbọ̀gbọ̀rọ̀ tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ní Killarney ló sì ń dà sórí rẹ̀ lóṣù June. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ló máa ń wò ṣáá, kì í rí òkun wò. Ẹ jẹ́ kó dúró dè yín. Ìpínlẹ̀ Mayo, lápá ìwọ̀-oòrùn, ni kí ẹ lọ: ìlú Westport, erékùṣù Achill, àti ọ̀nà Doolough. Màá tò ó fún yín lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ò béèrè.

Ẹ ní òkè ń bà yín lẹ́rù. Òkè ní orí. Bó ti wù kó ga tó, tí ẹ bá ti dé orí rẹ̀ ó tán, ẹ ó sì máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ láì tẹ pẹ́dàlì. Tí kò bá ṣeé gùn, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa tì í. Ọdún 14 rèé tí mo ti ń kó àwọn èèyàn gun kẹ̀kẹ́ lápá ìwọ̀-oòrùn yìí, mo sì ti bọ́ sílẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ mi gun Healy Pass ní Beara lójú àwọn tó sanwó fún mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n dá owó òun padà. Afẹ́fẹ́ ni ká bẹ̀rù. Òun ò lórí, òun ò nídìí. Inú òkun Atlantic ló ti ń bọ̀, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn tàbí láti ìwọ̀-oòrùn gan-an lọ́pọ̀ ọjọ́, kò sì sí igi tàbí ilé kankan láàárín ibẹ̀ àti Amẹ́ríkà tó máa dá a dúró. Àwọn àgbà ní ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ ní í darí igbó. Ní Mayo, ó ń darí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí Achill, mo jókòó ti ẹyin àti búrẹ́dì títí aago fi di 11 kí n tó kúrò ní Westport. Nígbà tí mo fi máa yọ sí Mulranny, afẹ́fẹ́ ti jí. Kìlómítà 13 péré ló kù, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní, àmọ́ ó gbà mí ju wákàtí méjì lọ. Gíà tí mo fi ń gun òkè ni mo fi ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Níbi tí ọ̀nà ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ṣì ní láti tẹ pẹ́dàlì kí kẹ̀kẹ́ má bàa dúró. Lọ́jọ́ kejì mo gba ibẹ̀ padà, ìṣẹ́jú 40 ni mo lò, bíi pé ẹnì kan ń fọwọ́ tì mí lẹ́yìn. Látìgbà yẹn, òfin kan ni mo ń tẹ̀ lé: tí mo bá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, aago 7 àárọ̀ ni mo ti ń gbéra, kí afẹ́fẹ́ tó le, tí mo bá ń bọ̀ wá sí ìlà-oòrùn, mo lè sùn di ìgbà tó wù mí. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé àwọn tó ń gun gbogbo Wild Atlantic Way, ọ̀nà etí òkun tó tó kìlómítà 2,500 láti Kinsale ní Cork títí dé Inishowen ní Donegal, ìsàlẹ̀ gúúsù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ gbé bírò.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ní ibùdókọ̀ Heuston ní Dublin, ó máa gbé yín dé Westport ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Àyè tí wọ́n ní fún kẹ̀kẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn kò tó nǹkan rárá, nítorí náà ìgbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti gba àyè kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ dé ibùdókọ̀ láìgbàyè, ó lè máa juwọ́ sí ọkọ̀ ni. Ní ọ̀sán, ẹ gun kìlómítà 12 péré dé Newport, kí ẹ sì sùn síbẹ̀. Àríwá ni ẹ ń lọ, afẹ́fẹ́ ò ní kọjú ìjà sí yín.

Orí Great Western Greenway ni ẹ wà báyìí, òun ló sì jẹ́ kí n yan Mayo fún yín. Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ni, láti Westport dé Achill, bíi kìlómítà 42. Wọ́n ti ojú irin náà pa ní 1937. Nígbà tó di 2011, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà yẹn kì í lè gun òkè tó dúró ṣánṣán, nítorí náà àwọn tó la ọ̀nà náà ti bá yín gé gbogbo òkè lulẹ̀ láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Níbi tó pọ̀ jù, mọ́tò kì í gba ibẹ̀ àfi níbi tó bá ti gé títì kọjá. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà, táyà kẹ̀kẹ́ ìlú yín á gbà á dáadáa. Ní Newport ẹ ó rí afárá rélùwéè olójú méje tó na gbọọrọ sórí odò. Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ló ń gba orí rẹ̀ kọjá nísinsìnyí.

Ọjọ́ kejì ni ẹ máa jí ní kùtùkùtù. Láti Newport dé Mulranny jẹ́ kìlómítà 18, ó fi 13 dé Achill Sound, tí afárá wà, ó tún fi bíi 14 dé abúlé Keel. Clew Bay máa wà lọ́wọ́ òsì yín, pẹ̀lú erékùṣù kéékèèké tó fọ́n ká inú omi bí ẹran tó ń jẹko. Àwọn ará ibẹ̀ ní 365 ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Ẹ má jókòó kà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ojú irin yẹn, torí ó ní ìtàn tí mi ò lè gbójú fò. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wòlíì kan wà lágbègbè yẹn tó ń jẹ́ Brian Rua. Wọ́n ní ó sọ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ onítáyà irin tó ń yọ èéfín máa dé Achill, pé òkú ni yóò gbé nígbà àkọ́kọ́, òkú náà ni yóò sì gbé nígbà ìkẹyìn. Ní June 1894, tí wọn ò tíì ṣí ọ̀nà náà tán, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé ní Clew Bay. Àwọn ọ̀dọ́ Achill tó ń lọ ṣiṣẹ́ ìkórè ní Scotland ló wà nínú rẹ̀, 32 ló sì kú. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé òkú wọn padà sílé. Ní September 1937, iná jó ilé tí àwọn ọmọ Achill tó ń wú ọ̀dùnkún ní Kirkintilloch, ní Scotland, ń sùn sí. Ọmọkùnrin 10 ló kú. Ọkọ̀ ojú irin tún gbé wọn wálé, nígbà tí oṣù náà sì parí, wọ́n ti ọ̀nà náà pa. Itẹ́ òkú kan náà ni wọ́n sin ìrìn àkọ́kọ́ àti ìrìn ìkẹyìn sí, ní Kildavnet, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ olókùúta tí wọ́n ń dárúkọ mọ́ Gráinne Mhaol, obìnrin tó ń jẹ gàba lórí òkun ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọ̀nà Atlantic Drive ló gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ rìn wọlé. Omi òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fọ ẹsẹ̀ àwọn ibojì.

Nítorí náà ọjọ́ kẹta, ẹ fi ẹrù sílẹ̀ ní ilé àlejò ní Keel, kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ òfìfo ṣeré. Ọ̀kan nínú méjì ni kí ẹ yàn, ẹ má ṣe méjèèjì. Yálà Atlantic Drive yẹn, tàbí Keem. Keem kò ju bíi kìlómítà 8 lọ láti Keel, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kọjá Dooagh, ọ̀nà á gbé orí sókè, ògiri òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀gbun tó já sínú òkun lọ́wọ́ òsì. Ẹ ó yípo kọ́nà kan, ẹ ó sì rí i lójijì nísàlẹ̀: iyanrìn funfun kékeré láàárín òkè méjì, omi rẹ̀ aláwọ̀ ewéko tó mọ́ débi pé ẹ lè rí òjìji ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù á máa bà yín láti sọ̀ kalẹ̀, ó sì tọ́. Ẹ má di bíréèkì kan ṣoṣo mú láti òkè dé ìsàlẹ̀: ẹ tẹ iwájú, ẹ tú u; ẹ tẹ ẹ̀yìn, ẹ tú u. Kí ẹ sì rántí pé ọ̀nà náà ò já síbòmíràn. Gbogbo ibi tí ẹ bá yọ̀ sọ̀ ni ẹ ó gùn padà. Ẹni tí kò bá fẹ́ gùn ún lè dúró lókè níbi kọ́nà, kó wò ó, kó yípadà. Ìran kan náà ni.

Ọjọ́ kẹrin, ẹ jẹun, ẹ sun oorun yín, kí ẹ tó padà sí Westport. Kìlómítà 57 ni, èyí tó gùn jù nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ máa wà. Tí afẹ́fẹ́ bá sì ṣàdédé yí sí ìlà-oòrùn lọ́jọ́ yẹn (ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì), àwọn tó ń yáni ní kẹ̀kẹ́ ní Westport máa ń fi ọkọ̀ kó èèyàn àti kẹ̀kẹ́ wọn, ẹ lè sanwó kí wọ́n gbé yín. Kì í ṣe ìtìjú.

Ọjọ́ karùn-ún ló máa ń wù mí jù. Ẹ tún jí ní kùtù, ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀nà. Tí ẹ bá gùn tó bíi kìlómítà 9 ẹ ó dé Murrisk, lábẹ́ Croagh Patrick. Mítà 764 ni gíga òkè yẹn, ó ṣù mọ́ra lórí bí àkìtàn ìyàngbò. Wọ́n ní Patrick Mímọ́ gbààwẹ̀ 40 ọjọ́ lórí rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń gùn ún lọ gbàdúrà dòní, pàápàá ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù July, àwọn kan láì wọ bàtà. Ẹni tó bá ti gun orí òkè àdúrà nílé rí kò ní béèrè ohun tí wọ́n ń wá lọ síbẹ̀.

Láti Murrisk ẹ máa lọ sí Louisburgh. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ra omi àti oúnjẹ, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè gbára lé mọ́ títí dé Leenane, bíi kìlómítà 33 níwájú. Fóònù náà á dákẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹ ti gba máàpù sórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Ọ̀nà á kọ́kọ́ gba inú irà kọjá, ibi tí wọ́n ń gé ilẹ̀ dúdú sá sínú oòrùn fún ìdáná. Lẹ́yìn náà òkè méjì á pa ẹnu pọ̀, adágún omi dúdú kan á sì sùn láàárín wọn. Doolough nìyẹn. Kò sí ilé. Kò sí igi. Àgùntàn tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù àti pupa sàmì sí lẹ́yìn ló máa dùbúlẹ̀ láàárín títì, tí á máa wò yín bíi pé ẹ̀yin lẹ ṣìnà.

Ní òpin March 1849, lásìkò ìyàn ńlá, wọ́n ní kí àwọn tébi ń pa ní Louisburgh wá fojú han àwọn aláṣẹ kí wọ́n tó lè rí ìrànwọ́ gbà. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n rìn lọ bá àwọn ní Delphi, lódì kejì àfonífojì yìí. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín nínú òtútù, wọn ò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sójú ọ̀nà tí ẹ ó gùn yìí. Àgbélébùú olókùúta kan ló wà lẹ́bàá ọ̀nà fún ìrántí wọn. Àwọn èèyàn ṣì máa ń rìn ín fún ìrántí; Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu ti South Africa wà lára àwọn tó rìn ín ní 1991. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kó lọ pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ láti ibi àgbélébùú títí dé òpin adágún. Wọn kì í béèrè ìdí lọ́wọ́ mi.

Tí ẹ bá ti kọjá Delphi, ìsọ̀ ló kù, lẹ́yìn náà etí omi Killary, níbi tí òkun ti yọ́ wọ àárín òkè gbọọrọ. Ẹ ó rí àwọn ohun ìléfòó tò lórí omi: ìṣáwùrù ni wọ́n ń sìn lórí okùn nísàlẹ̀ wọn. Ẹ sùn ní Leenane. Ọjọ́ kẹfà, ọ̀nà N59 ló máa gbé yín padà sí Westport, kìlómítà 32, afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Mọ́tò máa ń sáré níbẹ̀, nítorí náà ẹ tètè gùn ún láàárọ̀, kí ẹ wọ aṣọ tó ń tàn yanran, kí ẹ sì tan iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bí ojúmọ́ tiẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ á gbé yín délé.

Ọ̀rọ̀ Donegal tí ọmọ yín sọ. Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ rẹwà kọjá sísọ: Slieve League ga ní mítà 601 lókè òkun, Malin Head sì ni òpin Ireland lápá àríwá. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà yín ni mò ń rò. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ láti Dublin sí Letterkenny, inú Northern Ireland ló ń gbà kọjá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì nìyẹn. Ẹ ò ní rí géètì, ẹ ò ní rí aṣọ́bodè, kìkì pé àmì ojú ọ̀nà á yí láti kìlómítà sí máìlì. Àìsí géètì ò ní kí òfin má sí. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Gẹ̀ẹ́sì kó tó wọ ibẹ̀, káàdì ìgbélùú Ireland kò dípò rẹ̀, wọ́n sì máa ń dá bọ́ọ̀sì dúró yẹ ìwé wò nígbà míì. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé tí ẹ bá máa lọ sí Donegal lọ́dún tó ń bọ̀, ọkọ̀ ojú irin Sligo ni ẹ máa wọ̀, kí ẹ gba ibẹ̀ gùn lọ sókè. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kan Giant's Causeway àti gbogbo etíkun Antrim, torí inú Northern Ireland ni wọ́n wà.

Tí ìsinmi yín bá wá já sí ọjọ́ méjì, Waterford ni kí ẹ sá lọ. Rélùwéè àtijọ́ náà ni, kìlómítà 46 láti Waterford sí Dungarvan, wọ́n ṣí i ní 2017, ihò abẹ́ òkè kan sì wà níbẹ̀ tó gùn tó mítà 400, tí omi ń kán sílẹ̀ tó-tó-tó nínú rẹ̀. Wicklow tó wà nítòsí yín lórí máàpù, tí Sally Gap wà, ẹ má jẹ́ kí ìtòsí rẹ̀ tàn yín. Ó le ju gbogbo ohun tí mo tò sókè yìí lọ.

Kẹ̀kẹ́ yín ńkọ́? Ẹ gbé e lọ fún atúnkẹ̀kẹ́ṣe, kó ka eyín gíà ẹ̀yìn tó tóbi jù. Tí kò bá tó 34, kó pààrọ̀ rẹ̀. Owó tí ẹ máa ná síbẹ̀ wúlò ju owó aṣọ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ olówó ńlá lọ. Kó wo rọ́bà bíréèkì. Ẹ mú túùbù méjì dání àti pọ́ńpù, kí ẹ sì ti pààrọ̀ túùbù lẹ́ẹ̀kan nílé kó tó di pé òjò ń pa yín lẹ́bàá irà. Òjò á pa yín, kò sí àní-àní: òjò winniwinni tí kì í pariwo, tó ń wọ ara láti ọrùn. Ibọ̀wọ́ méjì ni kí ẹ mú, kí ọ̀kan máa gbẹ. Tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ nírọ̀lẹ́, kantíkantí á jáde. Ẹ má dúró sójú kan.

Irun yín. Àwọn ọkùnrin tó ń kọ̀wé lórí kẹ̀kẹ́ kì í sọ ọ́, ìyàwó mi ló kọ́ mi. Ẹ má di ṣùkú, akoto ò ní wọlé. Kòlẹ́sẹ̀ tó tẹ́ mọ́ orí ni kí ẹ di, kó fojú sí ìpàkọ́.

Oúnjẹ ojú ọ̀nà: wọ́n ń ta kéèkì àti súwíìtì níbi gbogbo, àmọ́ chin-chin àti ẹ̀pà tí ẹ bá rà ní Moore Street ló máa gbé yín gun òkè.

Ní ti pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa lọ. Ó yé mi ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè yẹn. Ohun tí mo ti rí ni mo máa sọ: ní ọ̀nà abúlé Mayo, awakọ̀ tó bá pàdé yín á gbé ìka kan sókè lórí sítíárín. Ìkíni nìyẹn. Ẹ gbé ìka tiyín náà sókè. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n kí yín láìjẹ́. Onílé àlejò á béèrè ibi tí ẹ ti wá, tí ẹ bá sì ní Dublin, á tún un béèrè. Ẹ fi ẹ̀rín dáhùn tàbí kí ẹ má dáhùn, ọwọ́ yín ló wà. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín: ẹ má gbé bọ́ọ̀lù Dublin sọ lórí tábìlì wọn. Láti 1951 ni Mayo ò ti gba ife All-Ireland, ife bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ Ireland, Dublin sì wà lára àwọn tó fi àṣekágbá dùn wọ́n, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kó tó di June, mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ní Sunday mẹ́ta, ẹ di ẹrù tí ẹ máa gbé lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ẹ gun òkè Howth, nítòsí yín ní Dublin, láti Sutton dé òkè téńté. Kò gbà yín ní owó ọkọ̀. Sunday àkọ́kọ́, ẹ ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó sì bú mi. Tó bá di Sunday kẹta, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ dúró. Ìgbà yẹn ni màá sọ fún yín bóyá kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé iyanrìn Keem, tàbí kí ẹ wò ó láti kọ́nà.